Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ayẹyẹ Ìparí Sẹ̀mẹ́sítà ní Ẹ̀ka Lítíréṣọ̀

Òkun o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ìdánwò ti ń kanlẹ̀kùn, àpò lẹ́tà wa sì ti wú. Láti Kàbà títí dé Ẹ̀gbẹ̀, nílẹ̀ àwa Yorùbá Òkun ní ìpínlẹ̀ Kogí, ọ̀rọ̀ ayẹyẹ ìparí sẹ̀mẹ́sítà ní ẹ̀ka lítíréṣọ̀ ló pọ̀ jù nínú ohun tí ẹ ń bi wá. A mú mẹ́fà nínú rẹ̀.

Ìbéèrè: Ìwé ìròyìn kékeré la fẹ́ tẹ̀ fún ìparí sẹ̀mẹ́sítà, 100 ẹ̀dà. Lọ́dún tó kọjá, ojú ewé dàrú, ẹ̀yìn àwọn bébà kan dorí kodò, gbogbo àmì ọ̀rọ̀ Yorùbá sì di àpótí kéékèèké. Ibo la ti ṣì í? — Akọ̀wé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, Kàbà

Ìdáhùn: Ìṣòro mẹ́ta lẹ kó pọ̀ yẹn, ibi tí kálukú ti wá sì yàtọ̀.

Bébà A4 kan tí ẹ bá ṣẹ́ po sí méjì, ojú ewé mẹ́rin ló máa fún yín. Ìdí nìyẹn tí iye ojú ewé fi gbọ́dọ̀ jẹ́ 8, 12, 16 tàbí 20. Bí ẹ bá kó ojú ewé 14 lọ sílé ìtẹ̀wé, méjì á ṣófo, ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ló sì máa bá yín pinnu ibi tí òfo náà máa bọ́ sí. Ẹ jẹ́ ká mú 16, bébà mẹ́rin nìyẹn fún ẹ̀dà kan. Bébà tó wà lóde pátápátá, ojú ewé 16 àti 1 ló wà níwájú rẹ̀, 2 àti 15 lẹ́yìn. Èyí tó tẹ̀ lé e, 14 àti 3, ẹ̀yìn rẹ̀ 4 àti 13. Ìkẹta, 12 àti 5, ẹ̀yìn 6 àti 11. Ti àárín gan-an, 10 àti 7, ẹ̀yìn 8 àti 9. Ẹ ṣàkíyèsí pé nọ́ńbà méjì tó bá jókòó ti ara wọn, 17 ni wọ́n máa jẹ́ tí ẹ bá rò wọ́n pọ̀. Ibi tí ẹ bá ti rí méjì tí kò pé 17, ẹ ní kí wọ́n dá ẹ̀rọ dúró.

Ẹ̀yìn tó dorí kodò, àṣìṣe ọmọ sẹ́ńtà tó ń bá yín tẹ̀wé ni. Kọ̀ǹpútà máa ń bèèrè etí bébà tó fẹ́ kí wọ́n yí i sí nígbà tó bá fẹ́ tẹ ojú kejì. Fún ìwé tí a máa ṣẹ́ po báyìí, etí kúkúrú ni, èyí tí wọ́n kọ síbẹ̀ ní "flip on short edge". Tí wọ́n bá fi í sílẹ̀ sí etí gígùn bí wọ́n ṣe bá a, ojú kejì á dojú dé. Ẹ ní kí wọ́n tẹ ẹ̀dà kan ṣoṣo, kí ẹ fọwọ́ ara yín ṣẹ́ ẹ po, kí ẹ ṣí i látòkè délẹ̀, kó tó di pé wọ́n tẹ 99 tó kù.

Ti àmì ló dùn wá jù, torí ẹ̀ka lítíréṣọ̀ ni. Lẹ́tà bíi ẹ́ tàbí ọ̀ kì í ṣe ẹyọ kan lójú kọ̀ǹpútà. Lẹ́tà tó ní àmì ìsàlẹ̀ ni, tí àmì ohùn tún wá gùn lórí. Fọ́ǹtì tí kò mọ̀ ọ́n gbé á ti àmì ohùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí kó gbé àpótí síbẹ̀. Ẹ lo Gentium, Charis SIL tàbí Noto Serif, ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn, wọ́n sì mọ Yorùbá dáadáa. Àmọ́ fọ́ǹtì tó wà nínú kọ̀ǹpútà yín lè má sí nínú ti sẹ́ńtà. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́: ẹ gbé fáìlì Word lọ, wọ́n ṣí i, kọ̀ǹpútà wọn fi fọ́ǹtì mìíràn dípò, tàbí kí wọ́n da ọ̀rọ̀ náà sínú CorelDraw tí wọ́n fi ń to ojú ewé, ó parí. Ilé ni kí ẹ ti sọ ọ́ di PDF, kí ẹ rí i pé fọ́ǹtì wọnú fáìlì náà. PDF yẹn nìkan ni kí ẹ gbé lọ. Kí ẹ tó san owó, ẹ ní kí wọ́n tẹ gbólóhùn yìí fún yín wò: "Ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kẹ́kọ̀ọ́ ọ̀sìn ẹlẹ́dẹ̀." Bí ìyẹn bá jáde láìsí àbùkù, ìyókù á jáde. Ẹ fi àlàfo ìlà sí 1.15 ó kéré tán, kí àmì abẹ́ ìlà kan má baà máa gun orí àmì ìlà tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Sítépílà kékeré kò lè dé àárín A5, ìyẹn A4 tí ẹ ti ṣẹ́ po, apá rẹ̀ kúrú. Ẹ ṣí sítépílà náà gbalaja, ẹ tẹ́ páálí rírọ̀ sábẹ́ ìwé, ẹ tẹ pín-ìn-nì náà wọlé láti ẹ̀yìn ìwé, kí ẹ wá fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ lulẹ̀ nínú. Méjì tó fún ìwé kan, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jìnnà sí etí ní bíi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún. Ẹ̀dà 100 á gba bébà 400. Ẹ ra ríìmù kan, tí í ṣe 500, 100 tó ṣẹ́ kù ni ti àṣìṣe. Bí ẹ bá fẹ́ èèpo tó nípọn, bébà òde nìkan ni kí ẹ pààrọ̀.

Ní ti ohun tó máa wà nínú rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi fọ́tò olórí ẹ̀ka gba gbogbo ojú ewé kìn-ín-ní. Ọjọ́ ìwọlé, ọjọ́ tí ìforúkọsílẹ̀ máa parí, ọjọ́ tí wọ́n máa pín àkòrí iṣẹ́ ìwádìí, ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń wá nìyẹn. Ìròyìn olùkọ́ tó tẹ ìwé tàbí tó gba ìgbéga, ìlà méjì tó: ta ni, kí ni, nígbà wo. Ìròyìn òfò, ẹ bi ìdílé kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ewì mẹ́rin tó. Ẹ̀ka kan lè ní akéwì ogún, ìwé ìròyìn ò lè gba gbogbo wọn. Ẹ ti ilẹ̀kùn gbígba iṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀. Kí ẹnì kan máa ka iṣẹ́ náà sókè, kí ẹlòmíràn máa fi bírò tọ ọ́ lórí bébà. Ojú nìkan máa ń fo àṣìṣe, etí kì í sábà fò ó.

Ìbéèrè: A máa ń ṣeré orí ìtàgé lọ́jọ́ ìparí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn tó jókòó sẹ́yìn ò gbọ́ nǹkan kan, ẹ̀ẹ̀kan sì ni jẹnẹrétọ̀ kú láàárín eré. Ṣé a tún gbọ́dọ̀ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ìwé? — Olùdarí eré, Lọ́kọ́ja

Ìdáhùn: Ẹ gbọ́dọ̀ tọrọ rẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ oníwèé ti Nàìjíríà, ti ọdún 2022, dáàbò bo iṣẹ́ lítíréṣọ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé òǹkọ̀wé, ó sì tún fi 70 ọdún lé e lẹ́yìn ọdún tó kú. Eré tí ẹ máa pe gbogbo ìlú sí, pàápàá tí ẹ bá máa gbowó lẹ́nu ọ̀nà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kíláàsì mọ́. Ẹ kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ tó tẹ ìwé náà: orúkọ eré, ọjọ́, ibi, iye èèyàn tí ẹ ń retí, iye ìgbà tí ẹ máa ṣe é, bóyá owó ìwọlé máa wà. Ẹ kọ ọ́ ní oṣù mẹ́ta ṣáájú, torí èsì lè pẹ́. Bí ẹ ò bá ní oṣù mẹ́ta, ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ yín kọ eré tirẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí eré náà ju 40 ìṣẹ́jú lọ. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta dánrawò kí ìdánwò tó dé, ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ kàwé wọn, kí ẹ tún wá péjọ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn ìdánwò. Ẹni tó bá ní òun á kọ́ ọ̀rọ̀ òun sórí nígbà ìdánwò, irọ́ ló ń pa.

Ní ti ohùn, ibi tí sípíkà wà ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbé sípíkà sẹ́yìn àwọn òṣèré kó lè lẹ́wà. Máìkì á gbọ́ ohùn tó ń jáde látinú sípíkà, á tún dá a padà, á wá máa hu fíìì. Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ á rẹ ohùn sílẹ̀ kó má baà hu mọ́, ẹni ẹ̀yìn ò sì ní gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ẹ gbé sípíkà síwájú máìkì, kó kọjú sí èrò, kí ẹ gbé e sókè tó ga ju orí ẹni tó jókòó lọ. Máìkì mẹ́ta lórí ìdúró lẹ́bàá ìtàgé sàn ju méjì tí àwọn òṣèré á máa já gbà lọ́wọ́ ara wọn. Bó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́ ni sẹ̀mẹ́sítà parí, ẹ gbé omi sẹ́yìn aṣọ ìtàgé, torí ọ̀fun á gbẹ.

Jẹnẹrétọ̀ 2.5 kVA, nǹkan bíi wáàtì 2,000 ni kí ẹ kà á sí. Ẹ kọ gbogbo ohun tó máa mu iná sílẹ̀: ẹ̀rọ ohùn 800, iná ìtàgé mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 50, ẹ̀rọ àfihàn 300, fáànù méjì tí àpapọ̀ wọn jẹ́ 150. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,450, àyè ṣì wà. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan á wá ki kẹ́tùlù bọ iná nínú yàrá ìmúra kó lè fi po tíì fún àwọn àlejò. Kẹ́tùlù nìkan lè mu 1,500 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irú rẹ̀ ló pa ti yín. Ẹ rọ epo kún kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má rọ ọ́ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Ẹ gbé e sẹ́yìn ilé, ní nǹkan bíi ogún mítà, kí ihò èéfín rẹ̀ kọjú síta, kó má sì sí lábẹ́ fèrèsé kankan, torí èéfín rẹ̀ ń pààyàn. Wáyà tí ẹ fi fà á wá, ẹ tú u sílẹ̀ pátápátá. Èyí tó bá ká jọ bí òkòtó máa ń gbóná, rọ́bà ara rẹ̀ sì lè yọ́.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní aago mọ́kànlá àárọ̀, kí gbogbo rẹ̀ parí kó tó di aago mẹ́ta. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ sí Ìsánlú tàbí Mọ̀pà lọ́jọ́ yẹn kò gbọ́dọ̀ wà lójú títì lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ṣú.

Ìbéèrè: Lálẹ́ ẹ̀bùn wa, wọ́n kéde akẹ́kọ̀ọ́ tó gbégbá orókè, oṣù méjì lẹ́yìn náà èsì jáde, ẹlòmíràn ni. Ìtìjú bá wa. — Ọmọ ìgbìmọ̀ ẹ̀bùn, Ìyàrá

Ìdáhùn: Èsì ìdánwò kì í ṣe èsì títí ìgbìmọ̀ Sẹ́néètì yunifásítì á fi fọwọ́ sí i. Ohun tí ẹ̀ka ní lọ́wọ́ lọ́jọ́ ayẹyẹ, máàkì tí wọ́n ṣì lè yẹ̀ wò ni, kóòsì kan ṣoṣo tí kò tíì wọlé sì lè gbé àròpọ̀ máàkì ẹnì kan, CGPA, kúrò ní 4.52 sí 4.48. Onítọ̀hún ti jábọ́ láti ipò kìn-ín-ní, "First Class", nìyẹn, torí 4.50 ni ààlà. Ẹ yé kéde "ẹni tó mọ̀wé jù" lálẹ́ ọjọ́ náà. Bí ẹ bá fẹ́ yin ẹnì kan nípa máàkì, ti sáà tó kọjá, èyí tí Sẹ́néètì ti fọwọ́ sí, ni kí ẹ lò, kí ẹ sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lórí ìwé ẹ̀rí. Ẹ̀bùn tó bá ẹ̀ka yín mu jù lọ ni ti iṣẹ́ ọwọ́: àròkọ lámèyítọ́ tó dáa jù, ewì tó dáa jù, òṣèré tó dáa jù, olóòtú ìwé ìròyìn. Olùkọ́ mẹ́ta ló ń fún un ní máàkì, iṣẹ́ náà ò sì ní orúkọ lára nígbà tí wọ́n bá ń kà á.

Orúkọ wá ńkọ́? Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Kíláàsì kan ní agbègbè wa lè ní ọmọ Yàgbà, Ìgalà, Ẹbira, Nupe àti Haúsá. Ẹ má ṣe fi àmì ohùn Yorùbá sórí Ojonugwa tàbí Ozavize, bí ẹni tó ni orúkọ ṣe ń kọ ọ́ ni kí ẹ kọ ọ́. Ẹ gbé àkọsílẹ̀ orúkọ lẹ ara ògiri ẹ̀ka fún ọjọ́ mẹ́ta, kí kálukú fọwọ́ sí ti ara rẹ̀ pé ó tọ̀nà. Kí ẹni tó máa darí ètò sì gba ohùn ẹni kọ̀ọ̀kan sórí fóònù bó ṣe ń pe orúkọ ara rẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni gbogbo rẹ̀. Darí-ètò tó bá dé iwájú èrò tó wá ní "orúkọ yìí le o", tó ń rẹ́rìn-ín, ẹ gba máìkì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìbéèrè: Ta ni ọmọ Òkun tó yẹ ká fi ètò wa yẹ́ sí? Ṣé a lè ka ewì ní èdè ìlú wa, ká sì fi aṣọ ìpò ṣe tábìlì lọ́ṣọ̀ọ́? — Akẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́dún kẹta, Ìsánlú

Ìdáhùn: Ọmọ ìlú yín gan-an ni ẹni àkọ́kọ́ tó wá sí wa lọ́kàn. Pius Adésanmí, tí wọ́n bí ní ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 1972, ọmọ Ìsánlú ni. Ó kàwé ní Titcombe College ní Ẹ̀gbẹ̀, ó kọ́ èdè Faransé ní Yunifásítì Ìlọrin, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n lítíréṣọ̀ ní Yunifásítì Carleton ní Kánádà. Ìwé ewì rẹ̀ gba ẹ̀bùn ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé Nàìjíríà, ANA, ní 2001. Ní 2010, ó gba ẹ̀bùn Penguin fún ìwé àròkọ nípa Áfíríkà. Ọjọ́ 10 oṣù kẹta ọdún 2019 ló kú nínú bàálù Ethiopian Airlines tó já lẹ́yìn tó gbéra ní Addis Ababa, gbogbo èèyàn 157 tó wà nínú rẹ̀ ló kú. Ẹ má fi ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ gba ogún ìṣẹ́jú. Akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ka ojú ewé kan àtààbọ̀ nínú àròkọ rẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta, ó tó. Àwàdà pọ̀ nínú ohun tó ń kọ, ẹ yan ibi tó ń pani lẹ́rìn-ín mọ́ ọn. Bí ẹ bá fẹ́ gbé fọ́tò rẹ̀ sórí bánà, ẹ kọ́kọ́ sọ fún ìdílé.

Ewì ní èdè Òkun, ẹ kà á! Kí ẹni tó kọ ọ́ kà á fún àgbàlagbà kan ní ìlú rẹ̀ ná, torí Yàgbà yàtọ̀ sí Ọ̀wẹ̀, Ìjùmú náà yàtọ̀ sí Bùnú. Bí a bá pò wọ́n pọ̀, kò ní jẹ́ ti ibì kankan. Lẹ́tà tí a fi ń kọ Yorùbá àjùmọ̀lò náà ni kó fi kọ ọ́, àmọ́ kó má tún ọ̀rọ̀ ìlú rẹ̀ ṣe kó lè dà bíi ti Ìbàdàn. Ẹ to ọ̀rọ̀ mẹ́jọ sí mẹ́wàá tó ṣòro sísàlẹ̀ ewì náà pẹ̀lú ìtumọ̀ wọn.

Aṣọ ìpò, rárá. Aṣọ pupa táwọn ará Bùnú ń hun yẹn, ti ìsìnkú olóyè àti ti eégún ni. Kì í ṣe ohun tí à ń gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò lé. Bí ẹ bá fẹ́ kí èèyàn rí i, ẹ bi àwọn àgbà tó ni ín, kí ẹ gbé e kọ́ pẹ̀lú àlàyé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìbéèrè: Ìrẹsì mélòó fún èèyàn 80? — Akápò, Mọ̀pà

Ìdáhùn: Kílò mẹ́jọ ní gbígbẹ ló máa tó, ẹ ra mẹ́wàá torí àlejò tí a ò pè. Ìkòkò méjì ni kí wọ́n fi sè é. Nínú ìkòkò kan, ìsàlẹ̀ á jóná kí òkè tó jinná. Adìẹ kílò méjì máa ń fúnni ní ẹran mẹ́wàá sí méjìlá, nítorí náà mẹ́jọ máa tó. Ohun tó ń ba oúnjẹ yín jẹ́ ni pé wọ́n ń dì í sínú ike ní aago mẹ́jọ àárọ̀ nígbà tó ṣì gbóná, tí wọ́n dé e pa, tí èèyàn ò sì jẹ ẹ́ títí di aago mẹ́ta. Ó ti kan nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó gbóná lórí iná títí yóò fi ku wákàtí kan tí wọ́n máa jẹ ẹ́, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dì í.

Ìbéèrè: Ọmọ mi tó ń parí ní kí n fi 60,000 náírà ránṣẹ́ fún "sign-out". Ṣé wọn ò ní fún un ní ìwé ẹ̀rí tí kò bá ṣe é? — Ìyá ọmọ, Ẹ̀gbẹ̀

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ fọkàn balẹ̀, kò sí ohun tó kan ìwé ẹ̀rí níbẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá kọ ìdánwò tó gbẹ̀yìn ni wọ́n ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, tí àwọn ọ̀rẹ́ á fi máákà kọ orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìdágbére sí i lára. Iléèwé míì tiẹ̀ ti fòfin dè é, kí ọmọ yín kọ́kọ́ bèèrè. Ṣẹ́ẹ̀tì kan àti máákà méjì kò dé 60,000, ayàwòrán, ọtí àti aṣọ ẹgbẹ́jọdá ló ń gbé owó náà ga. Ẹ ní kó kọ ohun tó fẹ́ rà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ohun tó lè dá ìwé ẹ̀rí dúró yàtọ̀: ìwé tí kò dá padà sí láíbúrárì, gbèsè owó iléèwé, kọ́kọ́rọ́ yàrá họ́sítẹ́ẹ̀lì, ẹ̀dà iṣẹ́ ìwádìí tí kò tíì kó fún ẹ̀ka. Kó gba ìwé ìfọwọ́sí lọ́dọ̀ gbogbo wọn kó tó wọ mọ́tò. Kó sì wo orúkọ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀ lórí pọ́tàlì, kó bá ti JAMB mu lẹ́tà sí lẹ́tà. Àìbáramu yẹn ló ń dá ọ̀pọ̀ ọmọ dúró nígbà ìforúkọsílẹ̀ NYSC, àtúnṣe rẹ̀ sì rọrùn nígbà tó ṣì wà nínú ọgbà ju ìgbà tó bá ti dé Ẹ̀gbẹ̀ lọ.

Bó bá sì máa ṣe é, ẹ ní kó ki páálí bọ inú ṣẹ́ẹ̀tì náà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé, kí ọ̀rọ̀ iwájú má baà yọ sí ẹ̀yìn. Kó jẹ́ kó gbẹ fún odindi ọjọ́ kan, kó yí inú rẹ̀ síta kó tó lọ̀ ọ́, kó má sì fi bílíìṣì kàn án láéláé.